Omi Abẹ́ Ẹsẹ̀ Bàbá Mi

Ọkọ̀ mi kì í ṣe tuntun. Àwọn ará Faransé ti gùn ún gbó kí wọ́n tó fi ọkọ̀ ojú omi kó o wá sí Kútọnú, ibẹ̀ ni mo sì ti rà á. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti fi jẹ eruku lórí alùpùpù kí n tó ní in, nítorí náà ohun tí mo kọ́kọ́ dán wò kì í ṣe ẹ́ńjìnnì. Kílíìmù ni, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn tútù sínú ọkọ̀. Ó tutù débi pé eyín mi ń lu ara wọn. N kò tún wo nǹkan mìíràn.

Bàbá mi ló fẹ́ràn kílíìmù náà jù. Boni ni wọ́n ń gbé, nídìí oko iṣu àti kajú wọn. Èmi ń gbé ní Ṣábẹ, níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ní físíìkì. Ní Ọjọ́bọ̀, tí n kì í ní kíláàsì, mo máa ń lọ gbé wọn wá sí ilé ìwòsàn, nítorí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn lọ́dún tó kọjá. Wọn a de fìlà, wọn a jókòó síwájú, wọn a na ọwọ́ síbi tí atẹ́gùn ti ń jáde, wọn a ní, "Òtútù òyìnbó rèé o!" Bí mo bá sì dé oko, wọ́n á fi dandan lé e pé abẹ́ igi kajú tó tóbi jù ni kí n gbé ọkọ̀ sí, kí oòrùn má baà pa á.

Ibi ìtọ̀ ni wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Dókítà ti sọ fún àwa ọmọ pé, fún ìgbà díẹ̀, ìtọ̀ lè máa jáde láìjẹ́ pé Bàbá mọ̀. Bàbá kò sọ ọ́, àwa náà kò bi wọ́n. Nílé wa, ọmọ kì í bá bàbá rẹ̀ sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀wọ̀ la máa ń pè é.

Nígbà tí ọyẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀ tí ooru dé, kílíìmù bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàárẹ̀. Atẹ́gùn rẹ̀ kò lágbára mọ́, ó sì ń mú òórùn kan jáde bí aṣọ tí wọ́n ká ní tútù sínú àpótí. Ní Ọjọ́bọ̀ kan, a dé iwájú ilé ìwòsàn, Bàbá sọ̀kalẹ̀, mo sì rí i pé tapí, ìtẹ́lẹ̀ ọkọ̀ níbi tí ẹsẹ̀ wọn wà, ti rin gbingbin. Wọ́n rí i. Mo rí i. Wọ́n tún fìlà wọn ṣe, wọ́n ń lọ. Mo fọwọ́ kan àga tí wọ́n jókòó lé, ó gbẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rántí pé mo fọwọ́ kàn án, pé ó gbẹ, nítorí èmi kò rántí rẹ̀ títí ó fi pẹ́ jù. Ọ̀rọ̀ dókítà ló wà lórí mi, àti inú tó ń bí mi nítorí ọkọ̀ mi.

Mo fọ tapí náà, mo sá a. Lọ́sẹ̀ kejì, ó tún rin. Mo pe àbúrò mi obìnrin tó wà ní Àjàṣẹ́, mo ní, "Bàbá ti ń tọ̀ sára o." Bí mo ṣe sọ ọ́ nìyẹn, bí ẹni ń sọ pé òjò rọ̀. Ó bú sẹ́kún. Èmi kò sunkún. Mo mú báàṣì, ọ̀rá búlúù tí a fi ń sá ẹ̀gẹ́, mo gé e, mo tẹ́ ẹ sórí àga àti sí ilẹ̀ ọkọ̀, mo wá fi tọ́wẹ̀lì bo ti àga kí ó lè dà bí ọ̀ṣọ́. Mo ra ìlédìí àgbàlagbà ní ilé oògùn, mo dì í sínú ọ̀rá dúdú, mo sì gbé e sórí ibùsùn wọn ní Boni nígbà tí wọ́n wà lẹ́yìnkùlé. N kò sọ nǹkan kan. Mo rò pé mo ń bọ̀wọ̀ fún wọn ni.

Lọ́jọ́ náà, Bàbá ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀, wọ́n dúró. Tọ́wẹ̀lì kò gùn tó, etí báàṣì yọ lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n wọlé, wọ́n jókòó sí etí àga bí àlejò, wọn kò sì na ọwọ́ sí kílíìmù. Láti Boni dé Ṣábẹ, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó jáde lẹ́nu wọn ni, "Rọra, ewúrẹ́ ń kọjá." Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, wọ́n pè mí lórí fóònù pé kí n má wulẹ̀ wá mọ́, àwọn á máa wọ zẹ́míjàn. Bàbá ẹni ọgọ́rin ọdún, orúnkún ń ro wọ́n, lẹ́yìn alùpùpù, lójú ọ̀nà gbágungbàgun yẹn! Ojú ń tì mí láti kọ ohun tó kàn yìí, ṣùgbọ́n òtítọ́ ni: ara tù mí. Mo ní ọkọ̀ mi á gbẹ.

Òórùn náà kò lọ. Ṣe ló ń le sí i, kílíìmù sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má tutù mọ́. Báàṣì ṣì wà nílẹ̀, n kò ká a wò. Mo ní ìtọ̀ ti wọnú ọkọ̀ lọ ni. Mo bá gbé e lọ sọ́dọ̀ mekanisíẹ̀n kan tó ń tún kílíìmù ṣe létí ọ̀nà Parakú. Mo ti mọ àìsàn ọkọ̀ kí n tó dé ibẹ̀.

"Gáàsì rẹ̀ ló tán," ni mo wí. "Ẹ fi gáàsì sí i."

Ọkùnrin náà kéré sí mi dáadáa, ṣùgbọ́n kì í ṣe oníwàduwàdu bíi tèmi. Ó ní, "Mádáàmù, ẹ jẹ́ ká wò ó ná."

Ó ní kí n tan ẹ́ńjìnnì, kí n tan kílíìmù. Ó ṣí iwájú ọkọ̀, ó fọwọ́ gbá páìpù kan mú, ó gbá èkejì mú. Ọ̀kan gbóná, èkejì tutù bí omi àmù. Ó ní gáàsì wà níbẹ̀. Ó wọlé, ó gbóòórùn atẹ́gùn tó ń jáde. Lẹ́yìn náà ló dùbúlẹ̀ sórí páálí, ó wo abẹ́ ọkọ̀.

"Níbo ni omi rẹ̀ ń kán sí?"

"Omi wo?"

"Omi kílíìmù. Ilẹ̀ níta ló yẹ kó máa kán sí. Abẹ́ ọkọ̀ yín gbẹ pátápátá."

Ó dìde, ó ṣí ilẹ̀kùn ọwọ́ ọ̀tún, ó ká báàṣì mi kúrò, ó ká tapí. Omi dúró níbẹ̀.

"Ta ló máa ń jókòó síbí?"

"Bàbá mi."

"Ẹsẹ̀ wọn á ti máa rin. Ẹ bá mi kí wọn pẹ̀lẹ́."

Ó tún wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ, ó ti wáyà bọ inú rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí omi ń gbà jáde, ó ń fi gún un. Omi dúdú ya sí i lójú, ó ń tutọ́, ó ń rẹ́rìn-ín. Ewé kajú tó ti jẹrà bá omi náà jáde, àti òdòdó kajú, àti erùpẹ̀ pupa. Ó ní ihò tó wà níwájú gíláàsì ni wọ́n gbà wọlé, àti pé ìdọ̀tí kan náà ló dí atẹ́gùn lọ́nà tí kò fi tutù mọ́. Ó wá ń ṣàlàyé fún mi pé afẹ́fẹ́ gbígbóná tó bá kan irin tútù máa ń di omi. Mo dúró, mo ń gbọ́. Lọ́dọọdún ni mo máa ń gbé ìgò omi tútù ka iwájú kíláàsì, tí mo ń bi àwọn ọmọ pé níbo ni omi ara ìgò náà ti wá. Ọmọ tó bá mú ìdáhùn wá láìfi ọ̀nà tó gbà rí i hàn mí, òdo ni mo ń fún un. Èmi rèé. Ìdáhùn tèmi ti wà nílẹ̀ kí n tó béèrè ohunkóhun, nítorí pé arúgbó ló jókòó síbẹ̀.

Mo kọjú sí Boni lọ́sàn-án ọjọ́ náà gan-an. Lójú ọ̀nà, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo dúró bí ẹni fẹ́ yí padà. Bàbá wà lábẹ́ igi kajú, wọ́n ń ṣa èso. Mo kúnlẹ̀.

"Bàbá, omi kílíìmù ni. Kì í ṣe ẹ̀yin. Kò fìgbà kan jẹ́ ẹ̀yin."

Wọ́n yí kóró kúrò lára èso kan, wọ́n jù ú sínú agbọ̀n.

"Ìlédìí tí o rà yẹn," wọ́n ní, "mò ń lò ó. Àràárọ̀ ni mo máa ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ó máa ń gbẹ. Mo wá rò pé inú mọ́tò rẹ nìkan ni ara mi ti ń dójú tì mí. Lọ́jọ́ ilé ìwòsàn, n kì í fẹnu kan omi."

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá."

"Ta lo sọ ọ́ fún?"

Mo ní àbúrò mi ni.

"Pè é."

Mo pè é níbẹ̀, lórí ìkúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ lójú wọn. Bàbá tẹ́tí títí mo fi parí. Wọ́n wá ní kí n bu omi wá. Wọ́n mu ife kan, wọ́n mu èkejì.

Wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ mi padà báyìí. Wọ́n á de fìlà, wọ́n á na ọwọ́ sí kílíìmù. N kì í gbé ọkọ̀ sábẹ́ igi mọ́, mo sì máa ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo omi tó ń kán sílẹ̀ níta. Ṣùgbọ́n bí a bá dé iwájú ilé ìwòsàn, kí wọ́n tó mú ọ̀pá wọn, tapí ni wọ́n á kọ́kọ́ wò. Ó máa ń gbẹ. Èmi a sì máa tú inú báàgì mi bí ẹni ń wá nǹkan, títí wọ́n á fi wò ó tán.