Etí Akẹtẹ̀ Zoila

Ìgbà ìkẹyìn tí Zoila gbọ́ ohùn Eleuterio ọkọ rẹ̀, inú fóònù ló ti gbọ́ ọ. Ó ń se àgbàdo lọ́wọ́. Ọkọ jókòó síta, ó ń gba ohùn sílẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn obìnrin ẹgbẹ́ ahunkẹtẹ̀ lórí fóònù, ó ń kí wọn bó ṣe máa ń kí wọn láràárọ̀.

"Targelia, ẹ̀yìn rẹ ńkọ́? Rosalba, akẹtẹ̀ rẹ àná gún régé. Ẹ tètè bẹ̀rẹ̀, ewé akẹtẹ̀ tí oòrùn bá pa, kíkán ní ń kán."

Àgbàdo ò tíì jinná tí ọkùnrin náà fi dákẹ́ pátápátá.

Òun ló kó wọn jọ nígbà tí alárobọ̀ ń dúró lẹ́bàá ọ̀nà, tó ń dá iye tó wù ú lé iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Ó ní fóònù ni yóò di ọjà àwọn. Kò pàṣẹ fẹ́nì kan rí, orúkọ ló ń pè. Ó wá di àṣà: ẹni tí kò bá tíì gbọ́ orúkọ rẹ̀ kò ní rẹ ewé sómi.

Lẹ́yìn ìsìnkú, inú fóònù pa lọ́lọ́. Ohùn tó dé kẹ́yìn ló máa ń wà nísàlẹ̀ pátápátá; kò sẹ́ni tó fẹ́ kí tirẹ̀ lé ti olóògbé kúrò níbẹ̀.

Yadira, ọmọ Rosalba, tó ń bá wọn rí sí àwọn oníbàárà ní ìlú Cuenca, wá bá Zoila nílé.

"Màmá Zoila, wọ́n ń retí ọjà. Mo pe àwọn ìyá lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní àwọn ò tíì gbọ́ orúkọ àwọn. Alárobọ̀ sì ti dé ẹnu ọ̀nà Màmá Targelia."

"Tí mo bá sọ̀rọ̀, ohùn mi á bo tiẹ̀ mọ́lẹ̀."

"Kò ní bò ó mọ́lẹ̀, Màmá. Òkè ni ohùn tiẹ̀ máa sún sí, kò ní parẹ́."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Zoila mú fóònù.

"Targelia… ẹ̀yìn rẹ ńkọ́?"

Kíá lèsì dé. "Ó ń ro mí gan-an ni! Àbí ẹ rò pé ẹ̀yìn á san nígbà tẹ́ ẹ sin ahọ́n yín pọ̀ mọ́ Taita Eleuterio?"

Rosalba bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ pe tèmi náà, Màmá, omi mi ti wà nílẹ̀!"

Zoila pe gbogbo wọn. Àpò òfìfo ni alárobọ̀ gbé lọ.

Ṣùgbọ́n ní Sígsig, ìlú wọn, ẹni tó hun akẹtẹ̀ kì í fọwọ́ ara rẹ̀ pa etí akẹtẹ̀ náà dé, ìyẹn kó hun ẹnu ewé tó rọ̀ sílẹ̀ wọnú ara wọn. Ọwọ́ ẹlòmíràn ní ń ṣe é. Látìgbà tí Zoila ti wọlé ọkọ, Eleuterio ló ń pa tirẹ̀ dé.

"Ẹ gbé akẹtẹ̀ yín tó kù wá kí n bá yín pa etí ẹ̀ dé," ni Targelia wí.

"Tó bá yá."

Akẹtẹ̀ náà ṣì wà lórí ìṣó lẹ́bàá ààrò, ewé etí rẹ̀ rọ̀ sílẹ̀ yíká. Wọn ò tíì pa á dé.