Àwọn Irin Tí Mo Bọ́ Láṣọ

Ọdún tí àwọn tó ń wa èédú daṣẹ́ sílẹ̀, tí iná ń lọ tó ń bọ̀ ní Peckham nílùú òyìnbó bíi pé Mushin la wà, ọdún yẹn ni mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ yàrá bàbá tó ń gbé nísàlẹ̀ wa, tí mò ń fi kànrìnkàn onírin ha irin, ṣàà, ṣàà. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí. Wọn ò fi mí síléèwé. Ọmọ àǹtí tó mú mi wá ni mò ń pọ̀n.

Àǹtí mi ń rán apá ṣẹ́ẹ̀tì fún ilé iṣẹ́ kan ní Walworth. Mọ́ṣínì àǹtí mi, ti Amẹ́ríkà ni, kò lè gba iná ìlú yìí àfi kí iná kọ́kọ́ gba inú tiransifọ́mà tó ń dín agbára ẹ̀ kù. Tiransifọ́mà ọ̀hún wá jóná.

"Bí kò bá ṣiṣẹ́ kó tó di Mọ́ńdè, wọ́n á gbéṣẹ́ fún ẹlòmíì," ni àǹtí mi sọ fún bàbá.

Bàbá tú u. Irin pẹlẹbẹ ló kún inú ẹ̀, tín-ín-rín bíi páálí, wọ́n rí bí ìyarun eléyín mẹ́ta, gbogbo ẹ̀ dúdú. Bàbá we wáyà tuntun, òórùn fáníìṣì gba yàrá kan. Ni wọ́n bá lọ kírun Jímọ̀, wọ́n ní kí n ṣọ́lé.

Èmi tí wọ́n kọ́ pé ìkòkò gbọ́dọ̀ dán! Kí wọ́n tó dé, irin ti ń kọ mànà.

Bàbá ṣí fìlà. "Ìyá kékeré, ṣé o fẹ́ fi se ọbẹ̀ ni?"

"Ó dọ̀tí ni, sà."

"Ìdọ̀tí kọ́. Aṣọ wọn lo bọ́ yẹn."

Mo bú sẹ́kún. Wọ́n mú irin méjì, wọ́n gbé e léra.

"Bí wọ́n bá fi ìhòòhò kan ara wọn, iná á máa pòyì láàárín wọn, á di ooru lásán, wáyà á tún jó. Bí kálukú bá wọṣọ tiẹ̀, kò ní rí ọ̀nà pòyì."

Àǹtí mi kígbe látorí àtẹ̀gùn: "Bàbá, ṣé ó ti ń parí?"

"Iṣẹ́ wa ku díẹ̀!"

Iṣẹ́ wa. Wọn ò fẹjọ́ mi sùn.

A fi búrọ́ọ̀ṣì kùn wọ́n ní fáníìṣì lọ́kọ̀ọ̀kan, a sá wọn sórí okùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé bí aṣọ ọmọ. Ní Sọ́ńdè, bàbá tò ó padà. Àǹtí mi tẹ mọ́ṣínì, ó ń sáré lọ. Bàbá gbé àtẹ́lẹwọ́ mi lé tiransifọ́mà.

"Ó gbóná?"

"Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni, sà."

"Ìyẹn ò lè tán. Irin tó bá ń ṣiṣẹ́ á lọ́ wọ́ọ́rọ́."

Títí dòní, bí fíríìjì bá ń kùn, àtẹ́lẹwọ́ mi á lọ síbẹ̀. Ìwọ ọmọọmọ mi, ohun tí mo sì sọ fún ìyá rẹ àtàwọn àbúrò ẹ̀ nìyí, kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́: ẹ bèèrè kí ẹ tó ha nǹkan. Bí ọmọ yín bá sì ti ha á kó tó bèèrè, ẹ fún un ní búrọ́ọ̀ṣì.