Ẹyẹ Tí Òùngbẹ Máa Pa

Ọdún kẹtàlélógún rèé tí Ìyá Ayàwòrán ti ń ya àwòrán sínú ìwé àwọn ọmọ iléèwé. Ní oṣù tó kọjá, ọ̀gá rẹ̀ gbé iṣẹ́ kan fún un: ẹyẹ kan àti òdòdó kan lójú ìwé kan náà, kí àwọn ọmọ lè fi wọ́n wé ara wọn. Ẹyẹ náà kò ju àtàǹpàkò lọ, ẹnu rẹ̀ sì tẹ̀ bí dòjé. Òdòdó náà pupa, ó gùn tóóró, oje tí ẹyẹ ń mu wà ní ìdí rẹ̀.

"Mọ́mì," ni ọ̀gá wí, "bí ojú yín ò bá gbé e mọ́, ẹ sọ o. Ẹlòmíì ti wà nílẹ̀."

Ìyá kó àpẹẹrẹ jáde nínú àpótí bí ìṣe wọn: òkú ẹyẹ tí wọ́n fi òwú kún inú rẹ̀, àti òdòdó gbígbẹ tí wọ́n tẹ̀ mọ́ bébà. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi yà wọ́n. Ọ̀gá wò ó, ó buwọ́ lù ú.

Nígbà tí Ìyá gbé ẹ̀dà kan délé, ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ń ránṣọ, bú sẹ́rìn-ín.

"Mọ́mì, òùngbẹ ló máa pa ẹyẹ yín!"

"Kí ló ṣe é?"

"Ẹnu ẹ̀ tẹ̀, òdòdó gún gbọọrọ. Bí abẹ́rẹ́ mi bá tẹ̀ báyìí, ibo ló máa gbà wọlé?"

Ìyá rò pé ojú òun ti lọ nìyẹn. Wọ́n jọ lọ sẹ́yìnkùlé, níbi tí ìtàkùn òdòdó náà ti gun ọgbà. Òdòdó tútù náà tẹ̀ bí ẹnu ẹyẹ gẹ́lẹ́. Ẹni tó tẹ òdòdó inú àpótí mọ́ bébà ló ti kọ́kọ́ nà án; ohun tí Ìyá rí gan-an ló yà.

"Ojú mi kọ́ o," ni Ìyá wí. "Òkú ni mo lọ bi ní ọ̀rọ̀ alààyè."

"Ọ̀gá ṣáà ti buwọ́ lù ú. Ẹ dákẹ́ jẹ́ẹ́ yín."

"Kí àwọn ọmọ wá máa kọ́ irọ́?"

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbé òdòdó tútù sínú ife omi, ó gbé e ka orí tábìlì ọ̀gá. "Mo ṣì í, Ọ̀gá. Ẹ jẹ́ n tún un yà."

Ọ̀gá wo òdòdó, ó wo àwòrán, ó họ orí. "Èmi náà wò ó, mi ò rí i."

"Ojú ta wá ni ò gbé e mọ́?"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu ọ̀gá. Ó fún un ní ọjọ́ méjì.