Ohun tí Màmá Ń Sọ Láàárọ̀

Ọdún tí Bàbá kú, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní kí n gbé ẹ̀rọ ìránṣọ mi kúrò ní Ìkàrẹ́, kí n wá máa gbé pẹ̀lú Màmá ní Ọ̀kà, nítorí mi ò lọ́kọ. Ó bí mi nínú. Ṣé ẹni tí kò lọ́kọ ni kò níṣẹ́? Àmọ́ mo lọ.

Màmá ti rù kan egungun. Oúnjẹ tí mo bá gbé síwájú wọn, eṣinṣin ló ń jẹ ẹ́. Bí mo bá bi wọ́n, wọ́n á ní kò sóhun tó ṣe àwọn. Àwọn aládùúgbò ní ọ̀fọ̀ ni, pé tó bá yá, ara á gbà á. Ọdún kan kọjá, ara ò gbà á. Ẹ̀rù ń bà mí pé mo máa tún sin ẹnì kejì.

Ohun kan ṣoṣo tó ń fi mí lọ́kàn balẹ̀ ni àdúrà wọn. Ọmọ Èpìnmì ni Màmá, èdè ibẹ̀ sì yàtọ̀ pátápátá sí Yorùbá. Bàbá gbọ́ ọ dáadáa, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe tíṣà kí wọ́n tó fẹ́ Màmá. Àwa ọmọ ò gbọ́ ju ìkíni lọ, a ò sì bìkítà. Ní kùtùkùtù, Màmá á jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n á máa fi èdè náà sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Èmi á kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, mà á máa ṣe àmín.

Nígbà tí wọn ò lè dìde mọ́, mo gbé wọn lọ sí ọsibítù ní Ìkàrẹ́. Nọ́ọ̀sì àgbàlagbà kan wá yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wọn wò, Màmá sì ń sọ ọ̀rọ̀ àárọ̀ wọn lọ. Nọ́ọ̀sì dúró. Àṣé ọmọ Èpìnmì lòun náà. Ó fà mí síta, ó bi mí bóyá mo gbọ́ ohun tí Màmá ń sọ. Mo ní àdúrà ni.

"Àdúrà kọ́. Bàbá yín ni wọ́n ń bẹ̀ pé kó wá mú àwọn lọ, pé ayé ti sú àwọn."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Gbogbo àmín tí mo ti ṣe!

Dókítà ní àìsàn ni, pé ìbànújẹ́ tó bá pẹ́ lára máa ń di àìsàn, ó sì ní oògùn. Ẹ̀gbọ́n mi ń pariwo lórí fóònù pé ṣé a fẹ́ sọ ìyá òun di wèrè ni. Mo fún un lésì tó tọ́ sí i, mo pa fóònù. Màmá ń lo oògùn, nọ́ọ̀sì náà sì ń yà kí wọn, wọ́n á jọ máa sọ èdè Èpìnmì. Díẹ̀díẹ̀ ni Màmá ń jẹun. Lọ́jọ́ kan wọ́n bú mi pé ọbẹ̀ mi ò níyọ̀, inú mi dùn débi pé mo sunkún.

Ọjọ́ náà ni mo láyà láti bi wọ́n ìdí tí wọn ò fi sọ ọ̀rọ̀ àárọ̀ yẹn fún mi ní Yorùbá. Wọ́n gbé abọ́ ọbẹ̀ sílẹ̀.

"Kí n wá sọ ọ́ kí o gbọ́? Ìwọ tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ sin bàbá rẹ?"