Irun Funfun Kan Nínú Ìwé Onígbàjámọ̀

Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni gbogbo àdúgbò ń pe onígbàjámọ̀ yìí, kì í ṣe pé ó ṣiṣẹ́ ọlọ́pàá rí. Ìwé ìtàn àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó ń kà ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Bí oníbàárà bá wọlé, bàtà rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ wò kó tó wo orí rẹ̀. Á mi orí, á ní, "Ọ̀nà jíjìn lẹ ti ń bọ̀ yìí o." Oníbàárà á ní, "Ọ̀gá, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yìí náà ni mò ń gbé." Kò ní tì í lójú. Tó bá di ọjọ́ kejì, á tún wo bàtà ẹlòmíràn.

Ìwé tó wá dá wàhálà sílẹ̀ nínú ilé rẹ̀ jẹ́ ògbólógbòó kan tó rà lọ́wọ́ ọkùnrin tó ń tàwé lẹ́bàá ibùdókọ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya, àwọn ewé rẹ̀ kan sì ti lẹ̀ mọ́ra. Ìtàn àgbà ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan ni, tí ọ̀daràn kankan kò bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ rí, títí ó fi pàdé obìnrin kan tó ń jí ohun ọ̀ṣọ́ olówó iyebíye. Ọgbọ́n obìnrin yìí kọjá sísọ. Lónìí á múra bíi nọ́ọ̀sì, lọ́la á di agbẹjọ́rò. Nígbà tí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ bá sì fi máa dé, tíì tó mu kù ló máa bá lórí tábìlì, tí yóò ṣì máa gbóná.

Onígbàjámọ̀ fẹ́ràn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ yẹn bí ẹni pé ọmọ ìyá rẹ̀ ni, àmọ́ ká sọ tòótọ́, olè yẹn gan-an ló mú kí ìwé náà dùn. Orí kan ló máa ń kà fún gbogbo ilé tó bá ti ṣọ́ọ̀bù dé, kí wọ́n tó jẹun alẹ́. Ìyá ìyàwó rẹ̀, tó wá ń gbé lọ́dọ̀ wọn nítorí eékún tó ń dùn ún, tí awò ojú rẹ̀ sì ti fọ́, á jókòó sórí àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, á máa gbè sẹ́yìn olè láìfi bò. Ìyàwó rẹ̀, tó ń gbàlejò nílé oníṣègùn eyín, kì í gbọ́ ju gbólóhùn mélòó kan lọ kó tó sùn lọ fọnfọn.

Òfin kan ṣoṣo ló wà. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ka ìwé náà ṣíwájú. Onígbàjámọ̀ fúnra rẹ̀ kì í yọjú wo ti ọ̀la. Bó bá kà tán, á tì í mọ́ inú dúrọ́ọ̀ ìsàlẹ̀, á so kọ́kọ́rọ́ mọ́ bẹ́líìtì.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó kà á débi tí àgbàlagbà kan tó ń ṣọ́ geètì ti ń júwe ọ̀nà fún ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Màmá pòṣé.

"Kí ló dé tí kò wo ọwọ́ ẹni yẹn? Aṣọ́geètì wo ló ń kun èékánná?"

Kò sẹ́ni tó fiyè sí i. Àfi bó ṣe di ọjọ́ kejì tí onígbàjámọ̀ ṣí orí tó kàn, tó sì rí i pé èékánná ọ̀hún pupa fòò. Ó rọra gbé ìwé sórí itan.

"Màmá, ta ló sọ fún yín lánàá pé ó kun èékánná?"

"Àgbà ló dé, ọkọ ọmọ mi. Tẹ́ ẹ bá dàgbà tó mi, ẹ̀yin náà á máa rí i."

Ìgbà yẹn ni ìwádìí bẹ̀rẹ̀. Ó ṣa irun dúdú kan nílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, ó tẹ́ ẹ sáàárín ìwé, ó tì í pa. Nígbà tó ṣí i lọ́jọ́ kejì, irun wà níbi tó fi í sí, ṣùgbọ́n ó ti funfun. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbàgbé láti bínú. Orí kan ṣoṣo ló ní irun funfun nínú ilé yẹn.

"Màmá, irun ta nìyí?"

Màmá gbà á, ó gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀. "Ó jọ ti olùkọ́ àgbà tó fẹ̀yìn tì yẹn. Àbí ẹ̀yin kọ́ lẹ gẹrun fún un láàárọ̀ àná?"

Òótọ́ ni. Onígbàjámọ̀ wo apá ṣẹ́ẹ̀tì ara rẹ̀, òmíràn tún wà níbẹ̀. Ẹjọ́ tú ká.

Kò juwọ́ sílẹ̀. Ó bu pawúdà tó máa ń fi nu ọrùn oníbàárà, ó wọ́n ọn sára ìwé. Tó dé lọ́jọ́ kejì, ó ní kí gbogbo wọn na ọwọ́ síta. Ọwọ́ Màmá funfun! Ó fẹ́ pariwo, àmọ́ ọrùn Màmá náà funfun, ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ funfun, àwọn ọmọ wọn méjèèjì sì funfun láti iwájú orí dé àtẹ́lẹsẹ̀ bí ẹni tó jábọ́ sínú ìyẹ̀fun.

"Ooru yìí mà pọ̀ o," ni Màmá wí. "Mo ní kí n fi pawúdà ra gbogbo wa lára."

Inú bí i, àmọ́ ìbínú náà ní adùn tirẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti ń kàwé, òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ní alátakò tó dáńgájíá. Ní ṣọ́ọ̀bù, ó ń ro ọ̀rọ̀ náà síwá sẹ́yìn títí ó fi gé irunmú oníbàárà kan dànù lápá ọ̀tún.

"Ọ̀gá! Ta ló ní kẹ́ ẹ fọwọ́ kan irunmú mi?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: obìnrin tí awò ojú rẹ̀ ti fọ́, báwo ló ṣe lè máa kàwé?"

Oníbàárà wò ó títí. Ó ní kó yáa bá òun gé ti apá òsì.

Ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi ni àṣírí tú. Onígbàjámọ̀ ń kàwé lọ, Màmá ń gbọ́, ìyàwó ń sùn lórí àga gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ó ṣí ewé, ó ń bá a lọ.

"Ẹ ti fo ewé kan," ni ohùn kan wí. "Obìnrin yẹn ò tíì wọ ọkọ̀ ojú irin."

Ìyàwó rẹ̀ ni. Kò tiẹ̀ la ojú. Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í wo òkè àjà bí ẹni tó ń wá ihò.

Onígbàjámọ̀ wo ìwé. Ewé méjì ló lẹ̀ mọ́ra lóòótọ́.

"Ìwọ! Ìwọ tó o máa ń sùn!"

"Kí ni kí n wá ṣe?" Ó ti dìde jókòó báyìí, ojú ń tì í díẹ̀, ẹ̀rín sì ń gbọ̀n ọ́n. "Mo ti kà á tán. Ìtàn téèyàn bá ti mọ̀, oorun ló máa ń gbé wá."

Ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Òun ló máa ń kọ́kọ́ délé. Á yọ dúrọ́ọ̀ òkè kúrò pátápátá, á ti ibẹ̀ na ọwọ́ sí ti ìsàlẹ̀, á máa kà á fún ìyá rẹ̀ nínú ilé ìdáná bí ọbẹ̀ bá ń hó lọ́wọ́.

"Irun yẹn ńkọ́?"

"Èmi ni mo fà á tu," ni Màmá dáhùn. "Ó sì dùn mí."

"Ẹ ò bẹ̀rù pé ẹ̀yin ni màá fura sí?"

"Ohun tí mo fẹ́ nìyẹn. Bẹ́ ẹ bá tẹjú mọ́ èmi, ta ló máa wo ẹni tó ń sùn?"

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu onígbàjámọ̀, ó sì gbé ìwé fún ìyàwó rẹ̀ pé kó máa kà á lọ. Obìnrin náà mọ̀ ọ́n kà jù ú lọ. Ohùn nọ́ọ̀sì yàtọ̀, ti agbẹjọ́rò yàtọ̀, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ sì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ọ̀fìnkìn ń dà láàmú. Màmá, tó ti gbọ́ ọ rí, tún di àyà mú. Ní ìparí, olè gbé ẹ̀wù òtútù ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ wọ̀, ó jókòó sínú ọkọ̀ ojú irin, ó juwọ́ sí i láti ojú fèrèsé, ọkọ̀ sì gbéra.

"Irọ́!" Onígbàjámọ̀ já ìwé gbà. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n kọ ọ́. Ó jáde lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kò pẹ́ tó fi padà wọlé, ó ní kí ìyàwó òun bá òun tún ibi ọkọ̀ ojú irin yẹn kà, kó má kánjú.

Lọ́jọ́ kejì, oníbàárà kan jókòó sórí àga, ó bi í pé, "Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ inú ìwé yẹn ńkọ́? Ṣó ti mú obìnrin náà?"

Onígbàjámọ̀ nu ẹ̀rọ ìgẹrun rẹ̀ fúngbà díẹ̀.

"Wọ́n ní kó lọ sinmi ná," ló wí. "Iṣẹ́ yẹn ti pọ̀ jù fún un."