Lábọ̀dé Mọ Fùsé, Kò Mọ Ọ̀gá

Lábọ̀dé kú ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ mẹ́fà kí àjọ̀dún òmìnira kejì tó kò, nínú oko àgbàdo mi ní apá Okpomèta. Àpò àgbàdo kan la fi kó o wálé. Àpò náà kò kún. Ìwé tí bìrò, ilé iṣẹ́ ìjọba wa, kọ nípa ikú rẹ̀ kò gùn ju ìka ọwọ́ mi lọ. Wọ́n ní bàbá arúgbó kan lọ fọwọ́ kan ọta àgbá láìgba àṣẹ, àìfarabalẹ̀ rẹ̀ ló sì pa á. Odile, ọmọ ọmọ mi tó ń kọ́ àwọn ọmọ níwèé, ló kà á fún mi. Mo ní kó tún un kà, bóyá irọ́ náà á rẹ̀ ẹ́ lójú ọ̀nà. Kò rẹ̀ ẹ́.

Ó lé ní ogójì ọdún tí mo ti wọlé ọkọ, n kò pe orúkọ Lábọ̀dé rí. Àbúrò ọkọ mi ni. Mo bá a nílé ni, ìyàwó kì í sì í pe orúkọ ẹni tó bá nílé ọkọ, ìbáà jẹ́ ọmọ ọwọ́. Baba Sójà ni mò ń pè é. Ṣùgbọ́n bìrò kò kọ orúkọ kankan sínú ìwé wọn. “Bàbá arúgbó kan” ni wọ́n kọ. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Bí àwọn tí òfin ní kí wọ́n pè é bá kọ̀, èmi tí àṣà ní kí n má pè é ni yóò pè é. Lábọ̀dé.

Ọdún mẹ́ta ló fi ń gbé ọta sẹ́nu àgbá fún àwọn Faransé nígbà ogun Jámánì àkọ́kọ́. Etí rẹ̀ òsì kò gbọ́ràn mọ́ nígbà tó dé, àtàǹpàkò rẹ̀ kan sì ti lọ. Kò ní ìtàn akíkanjú kankan í sọ. Ohun kan ṣoṣo tó máa ń dùn mọ́ ọn lẹ́nu ni orí ọta, èyí tí wọ́n ń pè ní fùsé. Mo bú u títí nítorí rẹ̀. Mo ní, “Baba Sójà, àwọn ọkùnrin mìíràn mú aṣọ bọ̀ láti ogun, ìwọ mú ẹjọ́ irin bọ̀.”

Lọ́jọ́ kan tí mò ń bó ẹ̀gúsí, ó mú òkòtó tí àwọn ọmọ ń ta, ó kán omi sí i lórí, ó ta á níwájú mi. Omi ta sí mi lójú.

Ó ní, “Ìyàwó, ibo ni omi lọ?”

Mo ní, “Ojú mi ni. Ṣé o kò ríṣẹ́ ṣe ni?”

Ó ní, “Ó dáa. Bí ọta àgbá ṣe ń yí nìyẹn. Ẹnu àgbá ló ń kọ́ ọ ní yíyí, kí ó lè lọ tààrà, kó má máa ta gìrọ́gìrọ́ bí ọ̀mùtí. Irin kéékèèké wà nínú fùsé rẹ̀ tó há ilẹ̀kùn iná. Níwọ̀n ìgbà tí kò bá tíì yí, ilẹ̀kùn há, ọta ń sùn. A máa ń dì í mẹ́rù lórí kẹ̀kẹ́ ìbaaka, ó ń fò sókè, ó ń ṣubú, ohunkóhun kì í ṣe é. Ṣùgbọ́n bó bá ti yí, àwọn irin náà á sá lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí omi yìí, ilẹ̀kùn á ṣí. Ó ti jí nìyẹn. Bó bá wá balẹ̀ tí kò bú, má ṣe rò pé ó ti padà sùn. Ó kàn dákẹ́ ni.”

Mo ní, “Báwo lèèyàn ṣe ń mọ èyí tó ti jí?”

“Ó máa ń kọlà. Wọ́n fi bàbà dì í nídìí bí ìlẹ̀kẹ̀. Bó bá ń jáde lẹ́nu àgbá, inú àgbá á há a, á kọ ọ́ nílà yíká. Èyí tí kò bá kọlà, gbé e sùn bí o bá fẹ́. Èyí tó kọlà, má ṣe kí i.”

Gbogbo ẹ̀kọ́ náà nìyẹn. Èmi tí n kò mọ lẹ́tà kan, mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, ó yé mi. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ọdún kan kí wọ́n tó fún wa lómìnira, sójà òyìnbó wá fi àgbá dánra wò láti apá Kpankou. Wọ́n ń ta á sínú igbó títí ọ̀sẹ̀ méjì fi pé, wọ́n kó ẹrù wọn, wọ́n lọ. Àlejò tó sùn sílé ẹni a máa gbá ibi tó sùn sí. Wọn kò gbá nǹkan kan. Nígbà tí mo ṣán igbó náà fún àgbàdo lọ́dún yìí, ọkọ́ mi kan irin. Mo ránṣẹ́ sí Lábọ̀dé. Ó dojú bolẹ̀, ó fẹnu fẹ́ erùpẹ̀ kúrò, kò fọwọ́ kàn án. Ó ní, “Ó kọlà.” A rí èkejì ní ọgbọ̀n ìṣísẹ̀ síbẹ̀. Òun náà kọlà. Ó fi ẹ̀gún ṣọgbà yí wọn ká, ó gbé àpótí rẹ̀ sábẹ́ igi ìyeyè, ó jókòó. Láti ìgbà òjò àkọ́rọ̀ ló ti jókòó síbẹ̀, tó ń lé ewúrẹ́, tó ń lé ọdẹ, tó ń lé èmi tí mo loko.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ló fẹsẹ̀ rìn lọ sí bìrò. Lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n ní ọ̀gá ń jẹun. Ó jókòó títí ilẹ̀kùn fi tì. Oúnjẹ náà pọ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, Firmin tó ń jókòó lẹ́nu ọ̀nà ní, “Baba, a kì í kọ ohun tí a kò rí. Ẹ gbé e wá ká wò ó.” Lábọ̀dé ní, “Bí mo bá gbé e wá, ẹ kò ní rí i, èmi náà kò sì ní rí yín.” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Odile bá a lọ lẹ́ẹ̀kẹta, òun ló sọ fún mi bó ṣe rí. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ jáde, ọmọ wa tó kàwé, tó wọ bàtà tó ń dún. Nígbà tó gbọ́ ọta, ojú rẹ̀ tàn. Ó ti ń wá ohun tí yóò gbé síwájú bìrò fún àjọ̀dún, láti fi bọlá fún àwọn sójà àtijọ́.

Ó ní, “A ó kùn ún ní àwọ̀ àsíá wa: àwọ̀ ewé, àwọ̀ òféèfèé àti pupa.”

Lábọ̀dé ní, “Ọ̀gá, ó ti jí.”

“Baba, mo ti bi sójà léèrè. Wọ́n ní wọ́n máa ń jù ú sílẹ̀ láti orí kàmíọ̀ akẹ́rù, kì í ṣe nǹkan kan. Ó wà nínú ìwé.”

“Ìyẹn ni èyí tí kò tíì yí. Èyí ti kọlà.”

“Ilà kẹ̀? Baba, irin ni, kì í ṣe ará Kétu.”

Gbogbo bìrò rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ kí wọ́n tún rẹ́rìn-ín báyìí, kí n rí eyín wọn. Òdodo ni ìwé ọ̀gá sọ. Ọta mìíràn ló ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹni tó kàwé kò lè ka ilà. Ẹni tó lè ka ilà, wọn kò fún un láyè.

Ní Ọjọ́bọ̀ yẹn, kàmíọ̀ dé oko mi. Barnabé ló wà á. Ọ̀gá jókòó tì í níwájú, ó ti gíláàsì sókè nítorí kòkòrò. Àwọn òṣìṣẹ́ gé ẹ̀gún kúrò, wọ́n so okùn gígùn mọ́ ọta àkọ́kọ́, wọ́n sì padà sẹ́yìn kàmíọ̀ wéré. Àwọn náà kò gba ìwé yẹn gbọ́. Lábọ̀dé lé èmi àti àwọn obìnrin tó wà lóko dé ẹ̀yìn ọ̀gán. Ó ní, “Ìyàwó, ẹ dọ̀bálẹ̀.” Òun wá padà lọ, ó kúnlẹ̀, ó ń tú okùn, àtàǹpàkò kan ló sì fi ń tú u.

Ó rò pé wọn kò ní fà á nígbà tí òun bá wà níbẹ̀. Àṣìṣe kan ṣoṣo tó ṣe nípa ọta láyé rẹ̀ nìyẹn. Ó mọ fùsé, kò mọ ọ̀gá.

Barnabé wá sílé mi lẹ́yìn ìsìnkú, kò lè jókòó. Ó ní, “Ìyá, mo rí wọn nínú dígí. Mo ní, ọ̀gá, baba wà nídìí rẹ̀. Ó ní, á sá bó bá rí i pé ó ń lọ, fà.” N kò kí i káàbọ̀, n kò sì lé e. Ẹ gbọ́ mi, ẹ̀yin tó ń ka èyí: àwọn tó ṣe ohun ìpànìyàn yẹn, ìkà ni wọ́n, síbẹ̀ wọ́n fi irin há ilẹ̀kùn rẹ̀ kó má baà bú nígbà tí kò yẹ. Ta ló ṣe ọ̀gá tiwa, tó gbàgbé láti fi irin kankan há ẹnu rẹ̀?

Wọ́n ṣe àjọ̀dún náà. Kí ló máa dí i lọ́wọ́? Òpó sìmẹ́ńtì tí wọ́n ti mọ sílẹ̀ de ọta, ìkòkò òdòdó ni wọ́n gbé lé e. Òdòdó náà ti gbẹ. Ọ̀gá ka ọ̀rọ̀ lórí ìwé, ó ní orílẹ̀-èdè kò ní gbàgbé àwọn sójà àtijọ́, kí wọ́n dìde kí a pàtẹ́wọ́ fún wọn. Mẹ́rin dìde. Àwọn mẹ́rin náà ń wò yíká fún ẹnì karùn-ún. Ọ̀gá kò wò. Ó ń wá ojú ìwé tó kàn.

Odile tó ń bá mi kọ èyí ní kí n fi ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ parí rẹ̀. Mo ní kó kọ ohun tí mo bá sọ.

Ọta kejì ṣì wà nínú oko mi. Ó kọlà. Mo ti tún ẹ̀gún ṣe yí i ká, orí àpótí Lábọ̀dé ni mo sì ń jókòó ní gbogbo ọ̀sán, àgbàdo mi ń gbẹ sórí igi. Ẹ rán ẹni tó mọ iṣẹ́ náà wá, kó má mú okùn lọ́wọ́. Ẹ fa ìwé yẹn ya. Ẹ kọ òmíràn, kí ẹ kọ orúkọ ẹni tó ní “fà” sí i, kí òun náà sì kà á sókè níwájú àwọn tó pàtẹ́wọ́ fún un. Kí ẹ sì kọ orúkọ ẹni tó ń tú okùn.

Ẹ kò lè sọ pé ẹ kò mọ̀ ọ́n. Mo ti ba àṣà ilé ọkọ mi jẹ́ nítorí yín, mo ti pè é. N kò ní pè é mọ́. Ó ku tiyín.