Orúnkún Crisanto àti Ológbò Àfikún

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ bí Crisanto Pabellano ṣe ń fò tẹ́lẹ̀, kó má bi í fúnra rẹ̀, irọ́ ni yóò pa. Kó bi àwọn ará Bulo. Wọ́n á ní bó bá fò sókè, á kọ́kọ́ dúró nínú afẹ́fẹ́, á wo ọ̀tún wo òsì, á ronú ohun tó fẹ́ ṣe, kó tó wá ju bọ́ọ̀lù sínú apẹ̀rẹ̀. Irọ́ nìyẹn náà, ṣùgbọ́n irọ́ tí odidi abúlé jọ pa ni, ó sì níyì ju ti ẹnìkan ṣoṣo lọ. Tipaklong ni wọ́n kọ sẹ́yìn jẹ́sì rẹ̀, ìyẹn tata. Ọdún mẹ́ta léra wọn ni Tata yìí fi gba ife àjọ̀dún San Isidro fún Bulo.

Adẹ́mu niṣẹ́ rẹ̀. Ogójì igi àgbọn ló ń gùn láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, dòjé ní ìbàdí, ìkòkò ọparun léjìká, tó ń gba omi tí wọ́n fi ń pọn ọtí. Ọparun méjì ni wọ́n so láti orí igi kan dé èkejì, ọ̀kan fún ẹsẹ̀, ọ̀kan fún ọwọ́, Crisanto á sì máa rìn lórí wọn bí ẹni tó wà nínú yàrá ara rẹ̀. Ogún ọdún ló fi ṣe é, kò já bọ́ rí. Orí ilẹ̀ ni ibi ti bá a, ní pápá tó wà níwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Ó fò, ó balẹ̀ sórí ẹsẹ̀ ẹlòmíràn, orúnkún rẹ̀ ọ̀tún sì dún bí igi gbígbẹ tí wọ́n dá. Gbogbo èrò gbọ́ ọ.

Dókítà ìlú ńlá ní iṣan inú orúnkún ti já, àfi kí wọ́n la á kí wọ́n sì so ó. Crisanto ní òun á rò ó. Ó ṣì ń rò ó títí di òní. Màmá Bining, ìyá ìyàwó rẹ̀, teguntegun ni, òun ló gba ẹsẹ̀ náà mú. Láràárọ̀ ló ń fi òróró àgbọn àti atalẹ̀ wọ́ ọ, òfin rẹ̀ sì le ju ti dókítà lọ: ẹsẹ̀ tó bá gbóná kò gbọdọ̀ rí omi tútù, nítorí omi tútù ni í gbé àrùn wọ inú iṣan. Nítorí náà, Crisanto a máa sùn láìfọ ẹsẹ̀, tòun ti ẹrẹ̀ tó wà lára rẹ̀.

Oṣù mẹ́wàá ló fi jókòó. Bó bá gbọ́ ìró bọ́ọ̀lù lójú pápá nírọ̀lẹ́, á kọjú sí ògiri. Kì í ṣe ìrora ló ń bà á nínú jẹ́, ìrora kò jẹ́ tuntun sí adẹ́mu. Ẹ̀rù ló ń bà á pé Tata ti kú, pé ara kan tó jọ tirẹ̀ ni wọ́n fi sílẹ̀ fún òun láti máa bọ́. Alàgbà Macario tó ni àwọn igi náà sì ti ní, "Crisanto, mo fún ẹ di ọjọ́ àjọ̀dún. Bó ò bá gùn ún nígbà yẹn, màá fún ẹlòmíì." Ohun tí Crisanto wá dì mú kò ju ọ̀kan lọ: ẹsẹ̀ tó bá lè fò á lè gun igi. Kí òun ṣáà ti tún fò.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí àjọ̀dún pé, ó wọ jẹ́sì rẹ̀, ó lọ bá wọn gbá ìdánrawò pẹ̀lú àwọn ọmọ Dapdap, abúlé kejì. Dapdap ni Delon wà. Mẹkáníìkì ni Delon, ọwọ́ rẹ̀ yá, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ yá ju ọwọ́ lọ. Láti ọdún márùn-ún ló ti ń lẹ̀ mọ́ Crisanto lára bí eégbọn lójú pápá, ìgúnpá rẹ̀ nínú ìhà ẹni ẹlẹ́ni, tí á máa sọ ọ̀rọ̀ sí i létí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ìyàwó yín ní kí ẹ wá fọ abọ́ o," tàbí, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra o, ẹ̀yìn yín ti ń dún." Kò sẹ́ni tó bú Crisanto tó Delon láyé yìí, àní ìyá ìyàwó rẹ̀ pàápàá.

Lọ́jọ́ yẹn, ó wọlé, gbogbo nǹkan sì ṣí sílẹ̀ fún un. Ó gba bọ́ọ̀lù, ó yí, ó fò díẹ̀, bọ́ọ̀lù wọlé. Ó tún fò, ó tún wọlé. Nígbà tí Delon fara kàn án, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n." Àmì méjìlélógún ni Crisanto gbà. Àwọn ọ̀dọ́ ń lu páànù, wọ́n ń pariwo pé, "Tata ti dé! Tata ti dé!" Omijé bọ́ lójú rẹ̀, ó fi aṣọ nù ún bí ẹni tó ń nu òógùn.

Ó ń bọ̀ wálé, inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn. Nínú àgbàlá, Lota ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún méje àti àwọn ọmọ ilé kejì ń lé ara wọn kiri. Pining, àbúrò Lota tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́rin lọ, ń sáré láàárín wọn. Wọ́n fọwọ́ kàn án, ó sì lọgun pé ó ti kan òun láti máa léni, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sá fún un. Ológbò àfikún ni. Ohun tí wọ́n ń pe ọmọ tí kò tíì tó eré í ṣe nìyẹn: ẹ jẹ́ kó bá wa sáré kó má baà sunkún, ṣùgbọ́n ẹ má kà á. Crisanto rẹ́rìn-ín, ó gbé Pining, ó wọlé.

"Senda! Méjìlélógún!"

Rosenda ìyàwó rẹ̀ ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. Kò gbójú sókè. "Mo gbọ́. Lọ wá nǹkan jẹ."

"O ò tiẹ̀ ní kí mi?"

"Mo kí ẹ, Tata. Jẹun."

Lọ́jọ́ kejì, ó mú dòjé lára ògiri, kò sọ fún ẹnikẹ́ni, ó gba oko lọ. Igi kìíní, ó gùn ún dé òkè, ó kọrin níbẹ̀. Igi kejì, òógùn bò ó. Ní ìdajì igi kẹta, orúnkún ọ̀tún yẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ bí ìlẹ̀kùn tí ìdè rẹ̀ ti jáde. Ó dì mọ́ igi, ó ń gbọ̀n, ó ń yọ̀ bọ̀ díẹ̀díẹ̀, igi sì ń bó o láwọ àyà títí ó fi kanlẹ̀.

Ó jókòó sídìí igi náà. Igi àgbọn kì í ṣojúsàájú, kò mọ Tata, kò mọ ọjọ́ àjọ̀dún. Crisanto bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó. Báwo ni orúnkún tó gba méjìlélógún lánàá kò ṣe lè gun igi mẹ́ta lónìí? Ó ń ka àwọn àmì ayò náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wá ibi tí ìgúnpá Delon wà nínú wọn. Kò rí i. Ó wá ẹnu Delon. "Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n" nìkan ló rí. Delon! Delon tó bú u lọ́jọ́ ìsìnkú bàbá rẹ̀ pé aṣọ dúdú kò yẹ ẹ́!

Ó tiro wálé, ó bá Lota lẹ́nu ọ̀nà.

"Lota, o wà ní pápá lánàá?"

"Mo wà níbẹ̀, Bàbá. Kí ló ṣe yín láyà?"

"Igi ni. Báwo ni mo ṣe ṣe sí?"

"Ẹ ṣe dáadáa." Ọmọ náà wo ilẹ̀. "Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Dapdap ń sọ pé ológbò àfikún ni yín."

Ó wọlé bá Rosenda. Kò tíì la ẹnu tí obìnrin náà ti rí ojú rẹ̀, tó sì mọ̀.

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Nítorí náà, òótọ́ ni."

"Èmi ni mo lọ bẹ̀ wọ́n," ni Rosenda wí. "Mo fi ewé di ìrẹsì sè ní suman, mo gbé e dání, mo lọ bá Delon ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, mo ní kó má fọwọ́ kàn ẹ́, kó sọ fún àwọn tó kù. Ó ṣèlérí fún mi."

"Senda! Ìwọ lo sọ mí di ológbò?"

"Ológbò tó wà láàyè sàn ju tata tí wọ́n tẹ̀ pa lọ! Ta ló ń gbé ẹ lọ sílé ìyàgbẹ́ fún odidi oṣù mẹ́rin? Ṣé Bulo ni? Ṣé ife ni? O fẹ́ fò, mo fẹ́ ọkọ tó ń rìn!"

Crisanto mọ̀ pé ìfẹ́ ni. Ó sì dùn ún wọnú eegun, ó dùn ún ju ọjọ́ tí ẹsẹ̀ náà dá lọ, pé ìfẹ́ náà ló sọ òun di ẹni tí wọn kò kà.

Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, ó tiro lọ sí Dapdap. Delon wà lábẹ́ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló hàn síta.

"Jáde síbí."

Delon yọ orí. "Ẹ káàbọ̀, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jókòó, ẹ má nàró."

"Wo bó ṣe ń ṣe mí jẹ́jẹ́! Ìlérí tó o ṣe fún Senda, mo dá a padà. Lọ́jọ́ àjọ̀dún, máa gbá mi bó o ṣe ń gbá mi tẹ́lẹ̀."

"Mi ò lè ṣe é. Mo ti jẹ suman."

"Pọ̀ ọ́."

Delon rẹ́rìn-ín díẹ̀, lẹ́yìn náà kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Ẹ̀gbọ́n, bí ẹsẹ̀ yẹn bá tún dá lọ́wọ́ mi ńkọ́? Ojú wo ni mo fẹ́ fi wo àwọn ọmọ yín?"

"Bí o bá tún ní 'ẹ pẹ̀lẹ́' sí mi lójú pápá, ojú wo ni èmi fẹ́ fi wò wọ́n?"

Delon fi àkísà nu ọwọ́ rẹ̀ títí. Nígbà tó yá, ó ní, "Ó dáa. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún ìyàwó yín pé mi ò ní dá suman padà."

Lọ́jọ́ àjọ̀dún, èrò kún pápá dé orí ògiri ṣọ́ọ̀ṣì. Crisanto ti sọ ohun tó bá Delon dá fún Rosenda, obìnrin náà kò bá a jà, kò sì bá a sọ̀rọ̀ láti ìgbà náà. Ó jókòó síwájú, ó gbé Pining lé itan, ó di ọmọ náà mú bí ẹni pé ọmọ náà ló fẹ́ lọ gbá bọ́ọ̀lù.

Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tó kan Crisanto, Delon já a gbà kí ó tó yí. Èkejì náà ńkọ́? Ó já a gbà. Ẹ̀kẹta, Crisanto fò. Ó fò ní tòótọ́, pẹ̀lú gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀, ó sì mọ̀ nínú afẹ́fẹ́ níbẹ̀ pé òun kò jìnnà sílẹ̀. Delon lu bọ́ọ̀lù náà dànù bí ẹni lu eṣinṣin.

"Ẹ̀gbọ́n! Tata ti di ìgbín o!"

Bulo hó lé e lórí. "Ìkà! Arọ lò ń bá jà! Ojú ò tì ẹ́!"

Ọ̀rọ̀ Delon kò dun Crisanto. "Arọ" tí àwọn èèyàn tirẹ̀ sọ ló gún un. Delon dúró, ó wò ó.

"Má dá wọn lóhùn," ni Crisanto wí. "Ṣe iṣẹ́ rẹ."

Delon ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ìgúnpá rẹ̀ padà sínú ìhà. Ní ìdajì eré, Crisanto kò tíì gba àmì kan, orúnkún rẹ̀ sì ti ń wú. Akọ́nimọ̀ọ́gbá ní kó jókòó, ó ní kò ní jókòó. Lẹ́yìn ìgbà náà ló gba bọ́ọ̀lù lábẹ́ apẹ̀rẹ̀, ó ṣe bí ẹni tó fẹ́ fò. Delon, tó mọ Tata láti ọdún márùn-ún, fò lọ bá a lókè. Tata kò sí lókè. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wà nílẹ̀. Ó ju bọ́ọ̀lù gba abẹ́ apá Delon, ó kan pátákó, ó wọlé.

"Olè!" ni Delon kígbe. "Bàbá arúgbó olè!"

Ó tún gba ọ̀kan kí eré tó parí, lẹ́yìn tí Delon ti gún un níhà tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Àmì méjì-méjì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Dapdap fi àmì mọ́kànlá na Bulo. Nígbà tí wọ́n fun fèrè, Delon kò dì mọ́ ọn. Ó kàn kọjá lára rẹ̀, ó ní, "Lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ̀gbọ́n, ẹ mú ọ̀pá wá."

"Orí ìyá ẹ," ni Crisanto fèsì.

Nírọ̀lẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lórí itan Màmá Bining, ó wú bí igbá. Ìyá náà ń fi òróró wọ́ ọ, ó ń kùn. Crisanto nawọ́ sí ògiri, ó mú dòjé, ó nà án sí Rosenda.

"Fún Ompong àbúrò rẹ. Kó lọ bá Alàgbà Macario kílẹ̀ tó ṣú. Kí ogójì igi yẹn má bọ́ sọ́wọ́ àjèjì."

Ohun tí Rosenda ti ń fẹ́ láti oṣù mẹ́wàá nìyẹn. Ó gba dòjé náà, ó sì bú sẹ́kún. Crisanto náà kò lè wò ó lójú. Ogún ọdún ló ti wà lókè, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń gbé nílẹ̀.

Lota wá jókòó tì í. "Bàbá, mélòó lẹ gbà lónìí?"

"Mẹ́rin."

Ọmọ náà ka ìka mẹ́rin, ó wò wọ́n, ó sì wo ojú bàbá rẹ̀.

"Ṣé wọ́n kà á?"

Crisanto fi ọwọ́ bo ojú.

"Wọ́n kà á," ló wí. "Wọ́n ka gbogbo rẹ̀."